Eléré Ìdárayá Tí Ó Fẹ́ Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Òwò

Ẹ̀yin ará wa, ẹ ti parí ìwé kìíní àti ìwé kejì. Ní báyìí, ẹ lè ka lẹ́tà, ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ara mọ́tò, ẹ sì lè ka ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àdúgbò tí a kò ti lè rí ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí ó ń sáré ìje.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a parí ẹ̀kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà, ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ dúró dè wá. Ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní òun kò lè gbá a mọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò. Mo ní, ta ló ń kọ́ òwò ní ilé-ìwé? Ṣebí ìdí àtẹ ni èmi ti kọ́ tèmi?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. A ṣèlérí fún un pé a ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, kí òun fúnra rẹ̀ lè kà á, kí ẹlòmíràn náà sì rí i kà. Ìdáhùn náà nìyí.

1. Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ òwò?

Lóòótọ́, ìdí àtẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ́ òwò, ẹ̀kọ́ náà kò sì burú. Ẹni tí ó ń ta ẹ̀fọ́ mọ iye tí ó rà á, ó mọ iye tí ó tà á. Ó mọ oníbàárà tí a lè tajà fún ní àwìn, ó sì mọ èyí tí kò ní san án.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ pé òwò náà di ńlá. Ó di pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni kan. Ó di pé ó ń yá owó ní báńkì, ó ń san owó orí fún ìjọba, ó ń kó ọjà gba orí òkun. Ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń ka ìwé ìṣirò owó. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń yáwó tí gbèsè kò fi ní gbé ènìyàn mì. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́, àti bí a ṣe ń wá oníbàárà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti ọmọdé. Àwọn tí ó ti gba oyè kìíní ní yunifásítì, tí wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀, ni wọ́n ń lọ síbẹ̀ jù. Oyè tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ni a ń pè ní MBA. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè yìí, ní ọdún 1908. Ní ilẹ̀ wa, Lagos Business School bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1991, àwọn yunifásítì wa mìíràn náà sì ń fúnni ní oyè yìí. Ní Harvard, ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Yúróòpù ń fi nǹkan bí ọdún kan kọ́ ọ. Àwọn mìíràn sì gbà kí ènìyàn máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó máa kọ́ ẹ̀kọ́ náà díẹ̀díẹ̀.

2. Kí ló dé tí eléré ìdárayá fi ń wá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo àgbẹ̀. Ó lè roko títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun. Ẹ wo aránṣọ. Bí ojú rẹ̀ bá ṣì ń ríran, yóò máa ránṣọ. Iṣẹ́ eléré ìdárayá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni ó ti ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ogójì ọdún. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí orúnkún fi dá wọn dúró. Àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lẹ́nu iṣẹ́ ni tiwọn ń parí. Owó tí ń wọlé yóò dúró lójijì, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jẹun nídìí owó náà kò ní dúró. Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Níbí yìí, ìtàn kan wà tí ó kan àwa gan-an. Kì í ṣe ìtàn tí a fi ń yangàn.

Kí a tó di ọ̀gá ilé-ìwé, tíṣà kíláàsì karùn-ún ni wá, àwa náà ni a sì ń bójú tó eré ìdárayá. Ọmọdékùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín. A fẹ́ gba ife ẹ̀yẹ fún ilé-ìwé wa. Nítorí náà, bí àsìkò ìṣirò bá ti tó, a ó ní kí ó jáde lọ sí pápá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Odidi táàmù méjì ni. A gba ife náà. Inú gbogbo wa dùn, àwọn òbí rẹ̀ sì wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ọmọ náà di agbábọ́ọ̀lù lóòótọ́. Ó fi ilé-ìwé girama sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta. Ó gbá bọ́ọ̀lù nílé, ó gbá a ní òkè-òkun. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́, ó sì padà wálé. Ó mú ìwé àdéhùn kan wá bá wa. Ó ní, "Sà, ẹ bá mi ka ìwé yìí."

A kà á. Ó wà níbẹ̀ pé bí ó bá fara pa, owó oṣù rẹ̀ yóò dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó wà níbẹ̀ pé alágbàtà tí ó mú un lọ yóò máa gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ó kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Ó ní, "Sà, mo rò pé ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ fún mi náà ló wà níbẹ̀."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, a kò lè sùn. Ife tí a gbà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì ilé-ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìṣirò tí a fi dù ú, a kò rí i fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù kankan.

3. Ǹjẹ́ ẹni tí ó ti fi ìwé sílẹ̀ lè padà sí i?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè padà sí i. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ díẹ̀ wá.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shaquille O'Neal. Básíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbá, èyíinì ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n. Ní ọdún 1992, ó fi yunifásítì sílẹ̀ kí ó tó parí, nítorí iṣẹ́ olówó ńlá pè é. Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò parí rẹ̀. Ó mú ìlérí náà ṣẹ ní ọdún 2000. Ní ọjọ́ tí wọn yóò fún un ní ìwé-ẹ̀rí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdíje. Ó tọrọ àyè, ó lọ gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọdún 2005, ó gba MBA. Ní gbogbo àkókò yìí, ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ó fi eré sílẹ̀ ní 2011, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ní 2012.

Vincent Kompany náà wà. Ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ni, bàbá rẹ̀ sì wá láti Kóńgò. Àwọn ọmọ yín tí ó ń wo bọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí òun ni balógun ẹgbẹ́ Manchester City fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ni ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò ti Yunifásítì Manchester. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni ó fi kọ́ ọ kí ó tó parí ní 2017. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ dá lórí àǹfààní tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń rí bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù nílé ara wọn. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: kò fi bọ́ọ̀lù pamọ́ bí ohun ìtìjú nígbà tí ó dé ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó mọ̀ ni ó fi kọ́ ohun tí kò mọ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ ó rántí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó gbá góòlù méjì wọlé ní Èkó ní ọdún 1980, nígbà tí a na Àlùjíríà ní 3 sí 0 láti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó kọ́ ní Politẹ́kíníìkì Ìbàdàn. Nígbà tí ó yá, ó dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ ní Wásinmi ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ìwé tí wọ́n sì ń kọ́ eré ìdárayá. Kò lọ sí ibẹ̀ láti fi ọ̀kan pa èkejì.

A kò sọ pé ẹni tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òwò kò lè ṣòwò o. Hakeem Ọlájuwọ́n, tí a bí ní Èkó ní 1963, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí ó fi eré sílẹ̀ ní 2002, òwò ilé àti ilẹ̀ ni ó ń ṣe ní Houston. Owó ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ń rà wọ́n, nítorí pé ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba owó èlé. Ṣùgbọ́n eléré mélòó ni ó ní irú owó tí Ọlájuwọ́n ní lọ́wọ́? Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni àṣìṣe kan lè ba tirẹ̀ jẹ́ pátápátá.

4. Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ òwò yóò béèrè?

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń béèrè ohun kan náà. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́fà wọ̀nyí ni ó wọ́pọ̀.

Èkíní ni ìwé-ẹ̀rí. Wọn yóò fẹ́ rí oyè kìíní. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ eléré wa ti ń kọsẹ̀, nítorí pé wọn kò ní ìwé mẹ́wàá, áḿbọ̀sì oyè yunifásítì. Ọmọ wa tí a sọ ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí ó tó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ó wọ National Open University of Nigeria, níbi tí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ti lè máa kàwé láti ilé rẹ̀. Ó ta mọ́tò rẹ̀ kí ó tó lè parí rẹ̀.

Èkejì ni ìdánwò. Ọ̀kan tí a mọ̀ jù lọ ni GMAT. Ìbéèrè 64 ni ó wà níbẹ̀, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń ṣe é. Apá kan jẹ́ ìṣirò, apá kan jẹ́ ìwé kíkà àti ìrònú, apá kẹta jẹ́ bí a ṣe ń ka tábìlì àti àwòrán tí ó kún fún iye. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 205 dé 805. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é. A kì í fi ọ̀sẹ̀ kan múra sílẹ̀ fún un. Ọmọ wa fi oṣù méje múra. Ìdá tí a kò kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún, inú ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ti kọ́ ọ. Bàbá àti ọmọ jọ ń jókòó sí ìdí àtùpà kan náà ni.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ìtàn iṣẹ́ àti lẹ́tà. A ó padà sórí èyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ẹlẹ́rìí. Ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń fẹ́ ènìyàn méjì tí yóò kọ̀wé nípa ẹni náà. Ọ̀pọ̀ eléré máa ń sáré tọ olóyè tàbí olóṣèlú lọ. Ìyẹn kò wúlò bí olóyè náà kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó rí i lójoojúmọ́, tí ó mọ ìgbà tí ó ṣubú àti bí ó ṣe dìde, sàn ju gómìnà tí ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀karùn-ún ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọn yóò pè é, wọn yóò bi í ní ìdí tí ó fi fẹ́ kọ́ òwò, àti ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tí kò ronú lé e lórí yóò máa kálòlò.

Ẹ̀kẹfà ni owó. Ẹ̀kọ́ yìí wọ́n púpọ̀. Sikọláṣíìpù wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tètè béèrè ni ó máa ń rí i gbà jù. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn oníjìbìtì. Bí ẹnì kan bá ní, "Ẹ fún mi lówó, mo mọ ènìyàn níbẹ̀, wọn yóò gba ọmọ yín wọlé," ẹ lé e jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni a ń kọ̀wé sí, òun náà ni a sì ń san owó fún.

5. Lẹ́tà náà

Ọmọ wa kọ lẹ́tà rẹ̀, ó mú un wá fún wa. A kà á. Ó ka iye góòlù tí ó gbá, ó ka ife tí wọ́n gbà, ó ka ìlú tí ó dé. Ojú ìwé méjì ni. Nígbà tí a parí rẹ̀, a ní, "Ọmọ mi, bọ́ọ̀lù ni a rí kà níbí. A kò tíì rí ìwọ. Kí ni o mọ̀ tí ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù kò mọ̀?"

Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan tí kò sọ fún wa rí. Ó ní ní òkè-òkun, ẹgbẹ́ wọn jẹ wọ́n ní owó oṣù mẹ́ta. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wá láti orílẹ̀-èdè márùn-ún, olúkúlùkù sì ń fura sí ẹnì kejì rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn kan ń lọ bá ọ̀gá ní kọ̀rọ̀ kí a lè san tiwọn nìkan. Òun ni igbákejì balógun. Ó se ìrẹsì, ó pe gbogbo wọn sí yàrá rẹ̀. Wọ́n jẹun tán kí ó tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹni méjì péré ni yóò máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, pé kò sí ẹni tí yóò gba owó bí gbogbo wọn kò bá gbà, àti pé wọn yóò máa gbá bọ́ọ̀lù lọ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí wọn lọ́rùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n san án.

A ní, "Kí ló dé tí o kò kọ èyí?"

Ó ní, "Sà, ìyẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù."

Ẹ̀yin ará wa, ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ìwé yìí nìyí. Eléré ìdárayá ti kọ́ ohun púpọ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ òwò ń wá. Ó mọ bí a ṣe ń jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ó mọ bí a ṣe ń pàdánù lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn kí a sì tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó mọ bí a ṣe ń bá ẹni tí a kò fẹ́ràn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ sórí ìwé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ìwé ni ó ń sọ ohun tí ẹsẹ̀ ti ṣe.

Ó lọ tún lẹ́tà náà kọ. Ojú ìwé kan péré ni. Ìrẹsì tí ó sè wà níbẹ̀, orúnkún tí ó bàjẹ́ wà níbẹ̀, ìwé àdéhùn tí kò lè kà náà wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ka ìwé àdéhùn fún àwọn ọ̀dọ́ eléré kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, tí yóò sì máa bá wọn tọ́jú owó wọn.

6. Kí ni kí òbí ṣe?

Bí ọmọ yín bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má ṣe lù ú nítorí rẹ̀. Ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí tíṣà kankan mú un kúrò ní kíláàsì nítorí ife ẹ̀yẹ. Bí tíṣà náà bá bínú, ẹ sọ fún un pé tíṣà kan tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ni ó ní kí ẹ má gbà.

Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sí ibi tí òjò àti eku kò ní dé. Bí wọ́n bá gbé ìwé àdéhùn wá, ẹ kà á. Bí kò bá yé yín, ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín, kì í ṣe ẹni tí ó gbé e wá. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kan náà.

Bí ó bá sì ti dàgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rẹ̀, ẹ má sọ fún un pé ó ti pẹ́ jù. Ìgbà tí ọmọdé bá jí ni òwúrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọmọ wa ti di ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Ó ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ní àkókò tí a ń kọ ìwé yìí, kò tíì gbọ́ èsì. Bí wọn kò bá gbà á, ó ní òun yóò tún kọ òmíràn ní ọdún tí ń bọ̀. A béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kò ní sú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sà, ẹ̀ẹ̀melòó ni a ń gbá bọ́ọ̀lù sí ojú ilé kí ọ̀kan tó wọlé?"

Àwọn ìbéèrè fún kíláàsì

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin òwò tí a kọ́ ní ìdí àtẹ àti òwò tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́?
2. Kí ni ó wà nínú ìwé àdéhùn tí ọmọ náà kò mọ̀?
3. Ọdún mélòó ni ó wà láàrin ìgbà tí Shaquille O'Neal fi yunifásítì sílẹ̀ àti ìgbà tí ó parí rẹ̀?
4. Ẹ ronú nípa iṣẹ́ tiyín. Kí ni ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà márùn-ún.